Orúnkún Mi, Jíà, àti Ìyá Tí Mo Pàdé Lọ́nà Bath

Lónìí, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni mo gbé wá.

Nígbà tí mo kó dé Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, inú ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀sẹ̀ kan lè parí kí n má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lójúkojú. Mo wá ra kẹ̀kẹ́ àlòkù, kí n lè máa rójú èèyàn. Àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Mo pinnu pé bó bá tún dùn mí lọ́jọ́ Sátidé, ṣe ni mo máa ta kẹ̀kẹ́ náà.

Ọ̀nà tí mo máa ń gbà ni Bristol and Bath Railway Path. Máìlì 13 ni láti Bristol dé Bath, ojú irin sì ni tẹ́lẹ̀. Láàárín 1979 sí 1986 ni wọ́n sọ ọ́ di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní òkè tó ga gan-an: irin ni ẹsẹ̀ rélùwéè, irin náà ni ojú ọ̀nà rẹ̀, irin lórí irin sì máa ń yọ̀. Àwọn tó la ọ̀nà náà ní láti jẹ́ kó máa ga díẹ̀díẹ̀.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló wá ń ṣe orúnkún mi?

Lọ́jọ́ Sátidé náà, nígbà tó kù díẹ̀ kí n dé ihò abẹ́ òkè tó wà ní Staple Hill, mo pariwo: "Yéè! Orúnkún mi o!"

Ẹnì kan dáhùn lẹ́yìn mi: "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi."

Ìyá kan ni, wọ́n dé akoto pupa. Mo sọ̀ kalẹ̀ kíá. "Ẹ káàárọ̀, mà."

Wọ́n wo ṣéènì mi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Jíà tó le jù lo fi ń gun òkè! Ta lò ń bá jà?"

"Mo rò pé ìyẹn ló ń jẹ́ kéèyàn lágbára ni, mà."

"Rárá o. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ máa yára, má jẹ́ kó máa tiraka."

Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi. Irin róbótó tí ṣéènì ń gbà kọjá níwájú kẹ̀kẹ́ mi ní eyín 44. Bí ṣéènì bá wà lórí eléyín 11 lẹ́yìn, tí mo yí pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan, táyà ẹ̀yìn á yí lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí mo bá gbé e sórí eléyín 22, táyà á yí lẹ́ẹ̀mejì péré, agbára tí mo máa fi tẹ pẹ́dà á sì dín sí ìdajì. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ o: ẹsẹ̀ máa yí ní ìlọ́po méjì kó tó dé ibi kan náà. Òkè náà ò yí padà. Ẹrù rẹ̀ la kàn pín sí wẹ́wẹ́.

Nígbà tí a fi máa dé Bitton, ìrora ti ń rọlẹ̀. Mo béèrè ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun kẹ̀kẹ́.

"Ọmọ ọdún 58 ni mí nígbà yẹn. Bàbá àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ilé wá dákẹ́ jù."

Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Mo mọ ilé tó dákẹ́.

Bí a ṣe ń padà bọ̀ láti Bath, atẹ́gùn dojú kọ wá ní gbangba. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń sáré 20 kìlómítà ní wákàtí kan, tí atẹ́gùn 20 sì ń bọ̀ níwájú, afẹ́fẹ́ á kọlu èèyàn bí ẹni tó ń sáré 40. Agbára tí afẹ́fẹ́ náà fi ń tì wá sẹ́yìn kì í di ìlọ́po méjì nígbà náà. Ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Mo rí i pé ó ti ń rẹ Mọ́mì.

"Ẹ bọ́ sẹ́yìn mi, mà."

Ẹni tó wà níwájú ló ń la afẹ́fẹ́; ẹni tó tẹ̀ lé e ń jàǹfààní. Àmọ́ ẹ má sún mọ́ra jù o, nítorí bírékì òjijì.

Mi ò ta kẹ̀kẹ́ mọ́. Ní gbogbo Sátidé, Mọ́mì máa ń dúró dè mí lẹ́nu ihò Staple Hill. Ẹ̀yin tí orúnkún ń dùn, ẹ kọ́kọ́ wo jíà yín. Bí kò bá lọ, ẹ lọ rí dókítà.

Ó dìgbà o!