Ọ̀rọ̀ Náà 'Start': Láti Orí Fífò Dé Orí Ìbẹ̀rẹ̀

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni a fẹ́ tú palẹ̀ lónìí: start. Bí a bá bi ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ léèrè ìtumọ̀ rẹ̀, kíá ni yóò dáhùn pé 'bẹ̀rẹ̀' ni. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ náà kò pé, àìpé rẹ̀ ni ó sì ń ba aáyan ògbufọ̀ jẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́.

Ní àtètèkọ́ṣe, kò sí ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ nínú start rárá. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èyí tí wọ́n ń sọ kí àwọn ará Normandy tó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, styrtan ni wọ́n ń pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí ènìyàn tàbí ẹranko fò sókè lójijì. Ìbátan rẹ̀ ni stürzen ti èdè Jámánì, tí ó túmọ̀ sí kí nǹkan ṣubú tàbí kí ó rọ́ lọ gìrì. Láti orí fífò ni ó ti bọ́ sí orí kí ẹ̀rù mú ara ẹni ta gìrì, àti kí ọdẹ ta ehoro jí nínú igbó. Ẹni tí ó bá sì fò dìde láti sáré, ìrìn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni ìtumọ̀ tuntun yìí fi borí ti àtijọ́.

Síbẹ̀, ti àtijọ́ kò parun. Òun ni ó wà nínú startle, àti nínú upstart, orúkọ tí wọ́n fi ń pe àṣẹ̀ṣẹ̀là tí kò mọ̀wọ̀n ara rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka She gave a start, tí ó sì kọ ọ́ pé 'ó fúnni ní ìbẹ̀rẹ̀', ti ṣìnà. 'Ó ta gìrì' ni kí ó kọ.

Bẹ́ẹ̀ ni begin kò lè rọ́pò start níbi gbogbo. Méjèèjì ni ó bá iṣẹ́ mu, ṣùgbọ́n start nìkan ni ó bá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mu. Àwọn awakọ̀ wa mọ èyí láìdé yunifásítì: a kì í gbọ́ lẹ́nu wọn pé ọkọ̀ 'kò bẹ̀rẹ̀', 'kò sítáàtì' ni wọn ń wí.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe fún ọmọ ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo kí ẹ sì pa ìwé dé. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Gbólóhùn sì ni ilé ọ̀rọ̀.