Ògiri Inú Kọ̀ǹpútà àti Ògiri Orí Ilẹ̀

Ẹni tí ó bá ti sùn ní Ajegunle rí mọ̀ pé èbúté kò jìnnà síbẹ̀. Ní òru, nígbà tí ariwo ìlú bá rọlẹ̀ díẹ̀, a máa ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ láti Apapa àti láti Tin Can Island. Púpọ̀ nínú ohun tí a fi ń kọ́ ilé ní Èkó ni ó ń gba ọ̀nà ibẹ̀ wọlé: ilẹ̀kùn onírin, wáyà iná, ẹ̀rọ omi, àti àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù tí àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán ilé fi ń ṣiṣẹ́. Sìmẹ́ǹtì ni a sì lè pè ní ohun tí ó bí èbúté Tin Can Island. Ní ọdún 1975, ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀ sìmẹ́ǹtì tí ó súnmọ́ mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù lọ́wẹ̀ láti òkè òkun, bẹ́ẹ̀ ni èbúté Èkó kò lè já ju ìdá kékeré kan nínú rẹ̀ lọ ní ọdún kan. Ọkọ̀ tí ó lé ní 400 dúró lórí omi, sìmẹ́ǹtì ni ó sì kún inú èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Òmíràn dì bí òkúta nínú ọkọ̀ kí ó tó kan ilẹ̀. Nítorí ìdíwọ́ yìí ni a ṣe fi ìkánjú kọ́ èbúté tuntun sí Tin Can Island, tí a sì ṣí i ní ọdún 1977.

Àwọn tí ó kọ iye sìmẹ́ǹtì náà sórí ìwé kò wo etí omi kí wọ́n tó kọ ọ́. Ayàwòrán ilé lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lónìí láìmọ̀, nítorí pé kọ̀ǹpútà a máa bá a kọ iye tí òun fúnra rẹ̀ kò rò.

Ní àtijọ́, orí pátákó fífẹ̀ ni a ti ń ya àwòrán ilé, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù, rúlà àti rọ́bà ìpàwérẹ́. Kò sí ìlà kan lórí tákàdá náà tí kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn ni ó fà á. Lónìí, a ní àwọn ètò kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ náà. Ọ̀kan ni AutoCAD, tí ó jáde ní ọdún 1982, tí àwọn oníṣẹ́ ń fi ya ìlà. Òmíràn ni Sweet Home 3D, tí ará Faransé kan, Emmanuel Puybaret, ṣe, tí ẹnikẹ́ni sì lè lò láìsan owó. Nínú èyí, ìlà nìkan kọ́ ni à ń yà. Bí a bá ti fa ọwọ́ láti ibì kan dé ibì kan, ògiri ni ó dìde, pẹ̀lú ìnípọn rẹ̀ àti gíga rẹ̀.

Ta ni ó wá sọ bí ògiri náà yóò ti nípọn tó? Ẹ jẹ́ kí a rò ó báyìí. Bí a bá rán ọmọ kan lọ sí ọjà kí ó ra iyọ̀, tí a kò sì sọ iye tí yóò rà, iye tí wọ́n máa ń rà ní ilé ìyá rẹ̀ ni yóò rà bọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà ń ṣe. Ìwọ̀n tí a kò bá sọ fún un, ó ní èyí tí ẹni tí ó ṣe é ti yàn sílẹ̀ fún un. Àyànsílẹ̀ ni èmi yóò máa pè é. Nínú Sweet Home 3D tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sórí kọ̀ǹpútà, àyànsílẹ̀ ìnípọn ògiri jẹ́ 7.5 sẹ̀ǹtímítà, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 250 sẹ̀ǹtímítà. Kò sí àbùkù nínú èyí ní ilẹ̀ tí a ti ń fi igi àti pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pín yàrá sí wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù ni àwa fi ń mọlé. Búlọ́ọ̀kù oníńṣì mẹ́sàn-án nípọn tó 22.5 sẹ̀ǹtímítà, oníńṣì mẹ́fà sì nípọn tó 15. Nígbà tí a bá sì ti rẹ́ ògiri náà ní inú àti ní òde, ó tún fi nǹkan lé e.

Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ajegunle tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ bẹ̀ pé kí ó ya àwòrán ilé kan fún òun. Irú ilé tí ó wọ́pọ̀ ní àdúgbò náà ni: yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì gba àárín wọn kọjá. Ìbú ilé náà jẹ́ 9 mítà. Ọmọ náà fún yàrá kọ̀ọ̀kan ní 360 sẹ̀ǹtímítà, ó fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní 150, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jẹ 30 péré, nítorí pé àyànsílẹ̀ ni ó lò. Ìṣirò náà pé lójú kọ̀ǹpútà, àwòrán náà sì dára púpọ̀. Ìgbà tí bíríkìlà na okùn lórí ìpìlẹ̀ ni ó tó bèèrè pé, "Ọmọ mi, búlọ́ọ̀kù wo ni a ó fi mọ ògiri tí ẹ yà yìí?" Ògiri mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó 25 sẹ̀ǹtímítà, pẹ̀lú rírẹ́ rẹ̀, yóò jẹ 100. Níbo ni a ó ti rí 70 tí ó lé? Bàbá onílé kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Yàrá ni ayálégbé ń san owó lé lórí. Ẹ mú un kúrò lára ọ̀dẹ̀dẹ̀." Báyìí ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ 150 sẹ̀ǹtímítà ṣe di 80. Ilé náà wà níbẹ̀ títí di òní. Bí ẹnì kan bá ru korobá omi bọ̀, ẹnì kejì ní láti padà sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ kí ó tó kọjá, èmi kì í sì í fẹ́ ro bí yóò ti rí bí iná bá sọ nínú ilé náà ní òru.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìbá gbà láti dènà èyí. Kí a tó ya ìlà kan ṣoṣo, kí a lọ sí ibi tí ètò náà kó àwọn àyànsílẹ̀ rẹ̀ sí, kí a yí ìnípọn ògiri padà sí ti búlọ́ọ̀kù wa, kí a gbé gíga rẹ̀ sí 300 sẹ̀ǹtímítà nítorí ooru ilẹ̀ wa, kí a sì yẹ ìwọ̀n ilẹ̀kùn àti ti fèrèsé wò pẹ̀lú. Bí a bá ti ya ògiri tán kí a tó rántí, a lè mú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà kí a sì yí wọn padà. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra: ògiri náà yóò wú sí ọ̀tún àti sí òsì láti àárín ara rẹ̀, gbogbo yàrá ni yóò sì dínkù. A gbọ́dọ̀ tún wọn wọ̀n.

Ojú tí a fi ń wo ilé náà tún jẹ́ ọ̀ràn mìíràn. Ètò wọ̀nyí a máa fi ilé kan náà hàn wá ní oríṣìíríṣìí ìwò. Ìwò láti òkè ni a mọ̀ jù. Ó dà bí ẹni pé a gé ilé náà ní ìbú, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí ilẹ̀, tí a gbé apá òkè rẹ̀ kúrò, tí a sì ń wo inú rẹ̀ bí ẹni ń wo inú àpótí. Nítorí náà, bí fèrèsé kékeré ilé ìwẹ̀ tí a gbé sókè kò bá hàn níbẹ̀, kò sọnù. Ó wà lókè ibi tí a ti gé ilé. Ìwò yìí kò sì lè sọ ohunkóhun fún wa nípa gíga. Ilẹ̀ Ajegunle rẹlẹ̀, omi kò sì jìnnà nínú rẹ̀. Ọdọọdún ni a ń kó yẹ̀pẹ̀ sí ojú ọ̀nà, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé a ń sọ̀kalẹ̀ wọ inú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́. Nínú kọ̀ǹpútà, ilẹ̀ tẹ́ bí àwo pẹrẹsẹ, ilẹ̀ yàrá àti ilẹ̀ ìta sì dọ́gba, àfi bí a bá sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá gbé ilẹ̀ yàrá sókè ní 60 sẹ̀ǹtímítà kí àgbàrá má baà wọlé, a ó nílò ìgbésẹ̀ mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó 15, àtẹ̀gùn náà yóò sì gba ó kéré tán 90 sẹ̀ǹtímítà níwájú ilé, níbi tí gọ́tà wà. Ìwò láti iwájú, àti ìwò tí ó dà bí ẹni pé a la ilé sí méjì láti òrùlé dé ìpìlẹ̀, ni ó ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn. Sweet Home 3D tún ní ìwò kan tí a fi lè rìn nínú ilé náà bí àlejò, ní ìwọ̀n ibi tí ojú ènìyàn ga dé. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ìwò tí ó máa ń tan onílé jẹ jù lọ náà nìyẹn, nítorí ẹwà rẹ̀.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àwòrán a dédé pòórá, ọ̀dọ́ ayàwòrán a sì fi ọwọ́ lé orí. Kí ó fara balẹ̀. Bí gbogbo ilé bá pòórá nínú AutoCAD, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé a ti rìn jìnnà sí i ni; kí ó tẹ Z, kí ó tẹ Enter, kí ó tẹ E, kí ó tún tẹ Enter, gbogbo ohun tí ó yà yóò sì padà sójú. Bí ilé náà bá wá kéré bí ẹ̀fọn, ìlà kan ti ṣìnà lọ sí ibi jíjìn. Kí ó wá a kí ó pa á rẹ́. Bí ó bá jẹ́ ògiri nìkan ni kò hàn, kí ó rántí pé àwòrán náà dà bí tákàdá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ púpọ̀ tí a tò lé ara wọn, ògiri lórí ọ̀kan, ilẹ̀kùn lórí òmíràn. Bóyá ó ti pa èyí tí ògiri wà lórí rẹ̀ dé. Bí ògiri mítà mẹ́ta bá sì di mítà 76, ohun tí a kọ ní mìlímítà ni ẹ̀rọ ń kà ní íńṣì, nítorí pé íńṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4. Ní ti iná mànàmáná tí ń lọ láìdágbére, AutoCAD a máa fi iṣẹ́ pamọ́ fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá bí a kò bá yí i padà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá pọ̀ púpọ̀ ní Ajegunle. Ẹ dín in kù sí mẹ́ta.

Àyànsílẹ̀ kan ṣì kù, tí kì í ṣe ti ètò ìyàwòrán rárá, ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni. Nígbà tí a bá fẹ́ tẹ àwòrán jáde, ẹ̀rọ náà a máa sún un kì kí ó lè bá tákàdá mu, bíríkìlà tí ó bá sì gbé rúlà lé e yóò ka irọ́. Bí a bá ní sẹ̀ǹtímítà kan lórí tákàdá dúró fún mítà kan lórí ilẹ̀, yàrá 360 gbọ́dọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3.6 lábẹ́ rúlà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í fi àwòrán lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́ láìkọ́kọ́ fi rúlà wọn yàrá kan lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò fi bírò kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kọ̀ọ̀kan, bóyá oníńṣì mẹ́sàn-án ni tàbí oníńṣì mẹ́fà.