Ọlọ́run Gba Ọ̀nà Ìkúnlẹ̀ Abiyamọ Wá

Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí bí èmi kò lè ka ìtàn Kérésìmesì bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń kà á. Àwọn akọrin máa ń yára dé ọ̀dọ̀ àwọn áńgẹ́lì. Èmi á ṣì wà lẹ́yìn, níbi tí Lúùkù ti ní ọjọ́ ìbí Màríà pé. Oníṣègùn ni Pọ́ọ̀lù pe Lúùkù, síbẹ̀ kò sọ bí ó ti rọbí pẹ́ tó, kò sọ ẹni tó gbẹ̀bí. Oyún àkọ́kọ́, ìrìn-àjò tó lé ní kìlómítà 100 láti Násárẹ́tì, a kò sì gbọ́ pé ìyá rẹ̀ wà nítòsí. Bí wọ́n bá gbé irú aláboyún bẹ́ẹ̀ wọ wọ́ọ̀dù mi lóru, ọkàn mi kò ní balẹ̀.

Nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì tí mo ń darí nínú ìjọ wa, àwọn ìyá ọlọ́mọ ló pọ̀ jù, wọ́n sì máa ń bi mí pé kí ló dé tí Ọlọ́run fi ní láti gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ẹnu dá ayé, ṣé kò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu gbà á là ni? Kí Ó tilẹ̀ rán áńgẹ́lì.

Ìbéèrè yìí ti dá ìjà sílẹ̀ rí. Ní ọdún 325, àwọn bíṣọ́ọ̀bù péjọ sí Nicaea, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí, nítorí Arius, àlùfáà kan ní Alẹkisáńdríà, tó ń kọ́ni pé ẹ̀dá ni Ọmọ, bó tilẹ̀ ga ju gbogbo ẹ̀dá yòókù lọ. Athanasius, tó di bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà ní 328, kọjú ìjà sí ẹ̀kọ́ yìí títí, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n sì lé e kúrò nílùú. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe yé mi nìyí: bí ó bá jẹ́ ẹ̀dá ló wá, a jẹ́ pé Ọlọ́run kàn fi ìfẹ́ ránṣẹ́ sí wa ni, Òun fúnra Rẹ̀ kò yọjú.

Nestorius ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ní tèmi. Òun ni bíṣọ́ọ̀bù àgbà Constantinople. Kò sẹ́ pé Ọlọ́run ni Kristi. Pé kí wọ́n máa pe Màríà ní ìyá Ọlọ́run ni kò lè gbé mì. Òpìtàn Ìjọ kan láyé ìgbà náà ròyìn pé ó ní òun kò lè pe ọmọ oṣù méjì, oṣù mẹ́ta ní Ọlọ́run. Ìgbìmọ̀ tó jókòó ní Éfésù ní 431 yọ ọ́ nípò.

Mi ò fi bẹ́ẹ̀ bá a wí, ọ̀wọ̀ ló mú un sọ ọ́. Mo mọ ọmọ oṣù méjì dáadáa. Á pọ wàrà sí ọ léjìká, á tọ̀ sí ọ lára, inú á máa run ún ní aago méjì òru, ọrùn rẹ̀ kò tíì gbé orí rẹ̀ dúró. Àwa Yorùbá náà ní irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀: ọba kì í jẹun lójú agbo, kí ará ìlú má baà rí i pé ebi ń pa á bí ó ti ń pa wọ́n. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí Jésù láìfura. Orin Kérésìmesì kan wà tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn, tó ní ọmọ inú ibùjẹ ẹran yẹn kò sunkún. Ẹ gbà mí! Ọmọ tí a bí tí kò ké, ṣe là ń sáré: a ó nu ún, a ó fa omi ẹnu àti imú rẹ̀, a ó máa ra á lẹ́yìn. Igbe yẹn ni gbogbo ilé ń dúró dè. Bí Jésù kò bá ké, ó yẹ kí àyà Jósẹ́fù já.

Ìdí tí mi ò fi ń gbà kí wọ́n fo ibẹ̀ ni pé ibẹ̀ gan-an ni mo ti rí ìfẹ́. Kò ṣòro fún alágbára láti fúnni. Olówó lè fún ọ lówó kó má mọ orúkọ rẹ. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan gbé ara rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́, tó jẹ́ pé bí o bá sùn lọ ebi á pa á, bí o bá jù ú sílẹ̀ ó ti bàjẹ́! Ohun tí Ọlọ́run ṣe nìyẹn. Ọmọdé ṣì ni nígbà tí Hẹ́rọ́dù ń wá a láti pa, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló sì wà nígbà tí wọ́n sá lọ sí Íjíbítì. Ìyà kò dúró di Kálífárì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri.

Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n kọ ọ́ nílà, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tó pé ogójì ọjọ́, wọ́n gbé e lọ sí tẹ́ḿpìlì. Òfin Léfítíkù ní kí ìyá mú ọ̀dọ́ àgùntàn wá, ṣùgbọ́n ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká a lè mú ẹyẹ méjì. Ẹyẹ ni Lúùkù dárúkọ. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ìyá tó ń fara pamọ́ nítorí pé wọn kò rówó ìdúpẹ́ ogójì ọjọ́ ọmọ wọn.

Ó dàgbà tán, ara yẹn náà ṣì ni. Ó rẹ̀ ẹ́ lẹ́bàá kànga ní Samáríà, ó tọrọ omi lọ́wọ́ obìnrin tí àwọn Júù kì í bá da nǹkan pọ̀. Ó sùn lọ nínú ọkọ̀ nígbà tí ìjì ń jà. Ó ń jẹun lójú gbogbo ayé pẹ̀lú àwọn agbowó-òde. Nígbà tí ó jíǹde, ó fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ han àwọn ọmọ ẹ̀yìn, ó bi wọ́n bóyá oúnjẹ wà nílẹ̀, ó sì jẹ ẹja lójú wọn.

Ìyàwó ilé kan nínú kíláàsì wa bi mí pé, “Mà, nígbà tí Jésù gòkè re ọ̀run, ṣé Ó bọ́ ara yẹn sílẹ̀ ni?” Mo ní rárá o, ara tí Màríà bí náà ló gbé lọ, ìdodo rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ títí di òní. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àlùfáà wa tó jókòó lẹ́yìn kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sọ pé mo purọ́.