Kì Í Ṣe Ọjọ́ Orí Nìkan Ló Ń Gba Iyè Àgbà

Bí àgbà kan lábúlé bá ń béèrè ohun kan náà léraléra, a máa ń ní ogbó ló dé. Bó bá jẹ́ obìnrin, àwọn kan á tún pè é ní àjẹ́. Èrò méjèèjì ń ṣe wá níbi, torí wọn kì í jẹ́ ká wádìí. Ìgbàgbé kan wà tó ju ti àgbà lásán lọ, síbẹ̀ tí kò tíì di arán: ẹni náà ṣì ń dáná, ó ṣì ń nájà, àmọ́ iyè rẹ̀ kò mú tó ti ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Ẹlòmíì á ti ibẹ̀ bọ́ sínú arán, iyè ẹlòmíì á sì padà sípò. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Lálùpọn, lẹ́bàá Ìbàdàn, àwọn tó ní irú ìgbàgbé yìí pọ̀ ju àwọn tó ti ń ṣarán lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Lóòótọ́, ọjọ́ orí ní ọwọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2024, ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ ka ohun 14 tó ṣeé ṣàtúnṣe, tí nǹkan bí 45 nínú 100 arán so mọ́. Púpọ̀ nínú wọn wà lábúlé wa: ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n, àtọ̀gbẹ, ojú tó ń fọ́, etí tó ti di. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń ba òpójẹ̀ wẹ́wẹ́ inú ọpọlọ jẹ́ láìdùn ní ibì kankan. Ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa mọ́ á máa yẹra fún ìjókòó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá tún ti wà ní Èkó, ilé á dá, àdáwà á sì gorí etí dídi.

Ẹnì kan lè sọ pé arán kò pọ̀ láàárín wa. Òtítọ́ ni. Ìwádìí tó fi àwọn àgbà àdúgbò Ìdíkàn n'Ìbàdàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ní Amẹ́ríkà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001, fi hàn pé nínú 100 àgbà, arán ń mú 1.35 lọ́dún ní Ìbàdàn, ó sì ń mú 3.24 ní Indianapolis. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí kan náà rí i lẹ́yìn náà pé arán ń mú àwọn ará Ìbàdàn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ju àwọn yòókù lọ. Pé ó kéré kò sọ pé ààbò wà fún gbogbo wa.

Àtakò kejì wúwo ju ìyẹn lọ: àìkàwé wà lára ohun 14 náà, ta ló sì lè dá ẹni àádọ́rin ọdún padà sílé ìwé? Kò sẹ́ni. Ìdánwò iyè tó ń béèrè kíkọ àti kíkà pàápàá lè pe aláìkàwé tí orí rẹ̀ pé ní aláìsàn. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí Ìbàdàn fi ń bi ará ilé léèrè pẹ̀lú: ṣé Màmá ṣì ń rántí ibi tó kó nǹkan sí, ṣé ó ṣì ń ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀? Ọmọ tó wà l'Ékòó lè béèrè ìwọ̀nyí lórí fóònù, kó sì ní kí wọ́n mú Màmá lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru.