Ahọ́n Tó Ń Dún Nínú Àkọ́díọ̀nù I.K. Dairo

Bí wọ́n bá ń ṣe òkú àgbà ní Ìwáyà nílùú Èkó, tí kánópì ti gba òpópónà, ẹnìkan á ní kí wọ́n fi I.K. Dairo sí i. Ọmọ tí wọ́n bí ní Ọ̀fà ní 1930 yìí ni wọ́n mọ̀ sí ẹni tó mú àkọ́díọ̀nù wọ inú orin jùjú. Oyè MBE ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní 1963.

Kí ló ń dún nínú àpótí àkọ́díọ̀nù náà? Kì í ṣe okùn, kì í ṣe awọ. Ahọ́n irin pẹlẹbẹ ni. Wọ́n de ìdí rẹ̀ mọ́ ojú ihò tóóró. Bí atẹ́gùn bá ti ń kọjá, á máa gbọ̀n wọlé, á máa gbọ̀n jáde, láìkan ohunkóhun. Ti algaita tí àwọn Haúsá ń fọn yàtọ̀: níbẹ̀, ahọ́n méjì ló ń lu ara wọn.

Ọgbọ́n ahọ́n tí kì í kan nǹkan yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà. Sheng ni wọ́n ń pe ohun èlò tiwọn. Wọ́n bá a nínú ibojì Yi, olórí ilẹ̀ Zeng, tí wọ́n sin ní nǹkan bí 433 ṣáájú ìbí Krístì, tí wọ́n sì hú ní 1978. Akèrègbè ni ìdí rẹ̀ láyé àtijọ́. Ọparun, tó sábà máa ń jẹ́ 17, ló dúró lórí rẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ tó pa pọ̀, ahọ́n wà nísàlẹ̀ wọn. Ihò ara ọparun tí o bá fìka dí ló máa dún. Èyí tó wà ní ṣíṣí á dákẹ́. O lè dí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà kí ohùn wọn jọ jáde. O fẹ́ ẹ, ó dún. O fa èémí sínú, ó ṣì ń dún. Ìda díẹ̀ ni wọ́n ń kán sórí ahọ́n tí wọ́n bá fẹ́ kí ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ wo bí iṣẹ́ ọwọ́ náà ti fínnífínní tó!

Láàárín ọdún 1770 sí 1780, Amiot, àlùfáà ará Faransé tó ń gbé ní Beijing, fi sheng ránṣẹ́ sí Paris. Ní 1829, Cyrill Demian gba ìwé àṣẹ ní Vienna lórí àkọ́díọ̀nù, tó ń lo irú ahọ́n kan náà. Apá ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí tirẹ̀, kì í ṣe ẹnu mọ́.

Yunifásítì Èkó ní Akọkà, nítòsí Ìwáyà, ní Ilé-ẹ̀kọ́ Confucius. Ó wù mí kí wọ́n gbé sheng kan síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí oníjùjú kan jókòó tì í pẹ̀lú àkọ́díọ̀nù, kí àwọn ọmọ àdúgbò wá fetí ara wọn gbọ́ ọ.