Kí Ló Dé Tí Fóònù Tuntun Kò Fi Yà Wá Lẹ́nu Mọ́?

Ọ̀rọ̀ owó ilé ni mo fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ fóònù ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó kékeré kan wà ní àdúgbò wa ní Ìsọlọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ aṣọ rírán. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó kó fóònù méjì wá sí ọ̀dọ̀ mi, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì, kò sì tan èyíkéyìí nínú wọn. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ bá mi mú èyí tí ó jẹ́ tuntun nínú méjèèjì." Mo wò wọ́n títí. Pẹlẹbẹ ni àwọn méjèèjì, dúdú ni àwọn méjèèjì, gíláàsì sì ni ojú wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo na ọwọ́ mú ọ̀kan. Àṣé èyí tí ó ti ń lò láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo mú.

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀rín náà kò ti inú wá. Owó àjọ oṣù mẹ́wàá ni ó fi ra tuntun náà. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti jọ fi ẹnu kò pé máṣíìnì ìránṣọ kejì ni àwọn yóò fi owó náà rà, kí ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ má baà máa dúró de ìgbà tí ọ̀gá rẹ̀ bá dìde kí ó tó rí ibi jókòó ṣiṣẹ́. Kò tí ì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ó ra fóònù náà tí ó fi mọ̀ pé kò sí ohun tí ó ń ṣe tí ti àtẹ̀yìnwá kò lè ṣe. Ó wá bi mí pé: "Nígbà tí mo wà ní kékeré, mà, bí màmá mi bá mú fóònù tuntun wọlé, gbogbo wa ni a ó pé lé e lórí bí ẹni tí ń wo ọmọ tuntun. Kí ló dé tí ti ìsinsìnyí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́? Ṣé ojú mi ni, àbí fóònù ni?"

Ìbéèrè yìí tọ́ sí ìdáhùn, nítorí pé kì í ṣe òun nìkan ni ó ń náwó lé ìyanu tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ìgbà tí ojú ń pọ́n wa

Kí a tó lè mọ ìdí tí ojú wa fi tó fóònù, ó yẹ kí a rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Kí ó tó di ọdún 2001, ìlà fóònù tí ó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà kò tó ìdajì mílíọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni àwa tí a ń gbé inú rẹ̀ ti ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ. Bí ọmọ bá ń ṣàìsàn ní Ìsọlọ̀ tí bàbá rẹ̀ wà ní ìrìn àjò, ọ̀nà tí ìyá fi lè ránṣẹ́ sí i ni pé kí ó wá ẹni tí ń lọ sí apá ibẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni ilé iṣẹ́ Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìlà GSM fún aráyé. Síìmù nìkan tó nǹkan bí 20,000 náírà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí owó oṣù tí ó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ jẹ́ 7,500 náírà. Ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ka owó ìpè, nǹkan bí 50 náírà fún ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ó kan sọ pé "Mo ti dé" tí ó sì pa á, owó odidi ìṣẹ́jú kan ni yóò san. Ìgbà tí Glo dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2003 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ̀yin náà yóò rántí àwọn obìnrin tí ń jókòó sábẹ́ agboòrùn ní ẹ̀bá títì, tí wọ́n ń ta ìpè fún ẹni tí kò ní fóònù tirẹ̀.

Nítorí náà, ìyàwó mi, kì í ṣe ojú rẹ ló ń tàn ọ́. Ohun tí ó yà yín lẹ́nu nígbà náà kì í ṣe ẹwà fóònù. Ẹnu ìyá yín ni ó dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè dé.

Gbogbo fóònù ló ní iṣẹ́ tí a rán an

Ohun kejì ni pé láyé ọjọ́un, fóònù tuntun kì í dé láìmú ojútùú ìṣòro kan dání. Nokia 3310 tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2000 mú eré ejò wá, èyí tí ó ń pa ọmọ lẹ́kún mọ́ lẹ́nu, bátìrì rẹ̀ sì ṣeé fi ọwọ́ yọ. Nígbà tí Nokia 1100 dé ní ọdún 2003, ó hàn gbangba pé àwọn tí ó ṣe é mọ̀ pé ilé tí iná kì í dúró sí àti ọ̀nà tí ó kún fún eruku ni wọ́n ń rán an lọ. Wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì sí i lórí. Wọ́n fi rọ́bà kan ṣoṣo bo gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ kí eruku má baà ráyè wọlé. Wọ́n ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀nà tí kò fi ní yọ̀ bọ́ lọ́wọ́. Mélòó nínú àwọn ìyá wa ni kò fi tọ́ọ̀ṣì yẹn wá oògùn ibà ọmọ lóru? Bátìrì rẹ̀, BL-5C, gbilẹ̀ dé ibi pé àwọn tí ń ṣe rédíò kékeré pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Nígbà tí Nokia ta fóònù tí ó pé bílíọ̀nù kan ní ọdún 2005, 1100 ni fóònù náà, ilẹ̀ Nàìjíríà wa níbí sì ni wọ́n ti tà á.

Kò tán síbẹ̀. Nokia 1110 ń fi ẹnu sọ iye agogo tí ó lù. Nokia 1200 tí ó jáde ní ọdún 2007 lè ní ìwé orúkọ márùn-ún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé àwọn tí ó ṣe é mọ̀ pé bàbá, ìyá, ọmọ àti àbúrò lè jọ máa lo fóònù kan. Ní nǹkan bí ọdún 2007 kan náà ni Tecno bẹ̀rẹ̀ sí í ta fóònù onísíìmù méjì ní ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì gba àwọn tí ń kó fóònù méjì mẹ́ta sínú àpò lọ́wọ́ wàhálà. Ẹ ṣe àkíyèsí pé gbogbo ohun wọ̀nyí ni ojú ń rí, tí ọwọ́ sì ń bà. Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá lè tọ́ka sí ohun tí ó jẹ́ tuntun lára wọn.

Gíláàsì gbé gbogbo wọn mì

Ní oṣù kìíní ọdún 2007 ni ilé iṣẹ́ Apple ní Amẹ́ríkà fi iPhone han aráyé. Láti ìgbà náà ni bọ́tìnnì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Agogo, rédíò, kámẹ́rà, ìwé ìṣirò, àti eré ọmọdé di àwòrán tí a ń fi ìka tẹ̀ lójú gíláàsì. Ní ọdún 2008 ni fóònù àkọ́kọ́ tí ó ń lo Android tí ilé iṣẹ́ Google ṣe jáde, gbogbo ilé iṣẹ́ tí ó bá sì fẹ́ ni ó lè lo Android náà. Bí ó ṣe di pé ilé iṣẹ́ mẹ́wàá ń ṣe fóònù tí ìrísí wọn jọra, tí inú wọn sì jọra nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ó wà nínú ilé ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí ó ti fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ, tí eérú ti ta sí aṣọ funfun rẹ̀ rí, kò lè gbàgbé ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ lo áyọ́ọ̀nù oníná. Ṣùgbọ́n láti inú áyọ́ọ̀nù oníná kan bọ́ sí òmíràn, kí ni ó kù tí a ó máa pariwo lé lórí? Ó lè fúyẹ́ díẹ̀, ó lè tètè gbóná, aṣọ náà ni ó ṣì ń lọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù rí lónìí. Àtúnṣe ń bá a lọ lóòótọ́: ó ń yára sí i, kámẹ́rà rẹ̀ ń ríran nínú òkùnkùn ju ti àná lọ. Ṣùgbọ́n inú ni àtúnṣe náà wà, ojú kì í rí i, díẹ̀díẹ̀ ni ó sì ń wá. Àwọn àgbà ní ojú tí ó ti rí òkun kò ní í rí ọ̀sà kí ó bẹ̀rù.

A tilẹ̀ pàdánù àwọn nǹkan kan. Fóònù tí à ń gba iná sí lẹ́ẹ̀kan kí ó tó lo ọjọ́ mélòó kan ti di èyí tí ń bẹ̀bẹ̀ fún iná kí ilẹ̀ tó ṣú. Bátìrì tí a ń fi èékánná ṣí ti di ohun tí wọ́n lẹ̀ pa. Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí ń dùn: ní ọdún 2023, European Union ṣe òfin pé láti oṣù kejì ọdún 2027, ó yẹ kí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ kékeré lè fúnra rẹ̀ yọ bátìrì rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n yọ àwọn ẹ̀rọ kan sílẹ̀. Ohun tí ìyá wa ń ṣe lórí àkéte ní Máfolúkù ní ogún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n wá ń fi òfin wá padà ní Yúróòpù.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí a purọ́ mọ́ àtijọ́. Nokia 1100 kò lè fi àwòrán aṣọ tí a rán han oníbàárà tí ó wà ní Ìbàdàn. Kò lè jẹ́ kí ìyá rí ojú ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyanu kò tán. Ó ti kúrò lára fóònù, ó ti bọ́ sínú ohun tí ẹni tí ó ni ín ń fi í ṣe. Ìdí nìyí tí ríra òmíràn kò fi lè dá a padà.

Kí ẹ tó kó owó àjọ sílẹ̀

Ẹ̀yin ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí n gbà yín ní ìmọ̀ràn díẹ̀.

Èkíní, ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe tí fóònù ọwọ́ yín kò lè ṣe sínú rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan kọ, ojú ló ń fẹ́ ẹ, ilé kò nílò rẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Èkejì, bí fóònù bá ń fà, ẹ kọ́kọ́ yọ àwòrán àti fídíò tí àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp ti kó kún inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé iná rẹ̀ ń tètè tán, ẹ gbé e lọ fún ẹni tí ń tún fóònù ṣe kí ó pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Owó bátìrì kò lè dà bí owó fóònù tuntun.

Ẹ̀kẹta, ìgbà wà tí ó tọ́ kí a ra tuntun. Fóònù tí ó ti pẹ́ jù kì í rí àtúnṣe ààbò gbà mọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ṣe é, kò sì dára kí a máa fi irú rẹ̀ tọ́jú owó báńkì. Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ má ṣe béèrè pé èwo ló dé kẹ́yìn. Ẹ béèrè ọdún mélòó ni yóò fi máa gba àtúnṣe ààbò, àti bóyá ojú gíláàsì àti bátìrì rẹ̀ wà lórí àtẹ.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ju fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì nù. Ó ṣì ń fi owó ránṣẹ́ nípa títẹ nọ́ńbà báńkì, ó sì ń dúró tini ní ọjọ́ tí iná bá lọ. Ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́gbọ́n ni ó fi síìmù báńkì rẹ̀ sínú irú rẹ̀ nílé, kí olè tí ó bá já ti ọwọ́ gbà lójú fèrèsé ọkọ̀ ní Oṣòdì má baà já owó oúnjẹ gbà pọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ìyàwó aránṣọ wa ti yọrí sí. Ó ta fóònù ti àtẹ̀yìnwá, ó sì fi owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àjọ mìíràn. Ó ń fi tuntun náà ya àwòrán aṣọ tí ó bá rán tán, ó sì ti rí oníbàárà mẹ́ta nípasẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó máṣíìnì kò tí ì pé. Bí mo ti ń kọ ìwé yìí, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń dúró de ìgbà tí ọ̀gá rẹ̀ yóò dìde lọ jẹun.