Ẹ jẹ́ ká mọ̀: àwọn òdòdó violet inú igbó Bìrìtéènì

Ẹ má wo àwọ̀ nìkan, nítorí Viola odorata lè pọ́n bí àlùkò, ó sì lè funfun. Ẹ̀yìn òdòdó ni kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa. Orí àwọn ewé kéékèèké tó gbá òdòdó odorata mú kò mú rárá. Òórùn rẹ̀ sì ń ta sánsán. Ti Viola riviniana mú ṣóńṣó, òdòdó rẹ̀ kò sì lóòórùn. Ìwo ẹ̀yìn rẹ̀ ki, àwọ̀ rẹ̀ sì ṣí ju ti òdòdó lọ. Ìwo ti Viola reichenbachiana tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì dúdú ju òdòdó lọ.

Imú nìkan kò tó o! Èròjà ionone inú òórùn odorata máa ń jẹ́ kí imú kú fúngbà díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já òdòdó náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó níbi tó wà.